Jẹnẹrétọ̀ tó ń rìn, àti àwọn bàbá tó mọ̀ ọ́n tún ṣe

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo mọ̀ pé fídíò oúnjẹ àti wàhálà rẹ́ǹtì ní Sheffield lẹ torí ẹ̀ tẹ̀ lé mi. Lónìí, ọ̀rọ̀ rélùwéè la máa sọ. Ẹ má sá o. Ó gùn díẹ̀, ẹ wá nǹkan sẹ́nu, ìpékeré tàbí ẹ̀pà, èyí tó bá wà nílé.

Láti oṣù kẹsàn-án ọdún tó kọjá, tó bá ti di Sátidé, mo máa ń jí ní aago mẹ́fà àárọ̀, máa wọ bọ́ọ̀sì méjì, máa wá lọ ha ìpáàrà lára orí rélùwéè kan tó ti lé ní 60 ọdún. Wọn kì í san kọ́bọ̀ fún mi. Èmi ni mo tún ń san owó bọ́ọ̀sì ara mi. Àwọn tá a jọ ń ṣe é, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti lé ní 70 ọdún. Nígbà tí mo sọ fún màmá mi lórí fóònù, wọ́n kọ́kọ́ dákẹ́. Wọ́n wá ní, "Ṣé torí kó o lè lọ máa ha irin lọ́fẹ̀ẹ́ ni mo ṣe dá èsúsú ọdún mẹ́ta?"

Mi ò dá wọn lóhùn lọ́jọ́ yẹn. Ìdáhùn mi rèé, ó kàn gùn ju ohun tí èèyàn ń sọ lórí fóònù lọ ni.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun tí mò ń ha. Ẹ fojú inú wo "I better pass my neighbour", jẹnẹrétọ̀ kékeré tó máa ń pariwo ní kọ́rídọ̀ fésì-mí-n-fẹ̀sì-ọ. Ẹ sọ ọ́ di ńlá títí tó fi ga ju èèyàn lọ. Ẹ gbé e sínú àpótí irin gígùn kan, kí gbogbo ẹ̀ wúwo tó bíi 100 tọ́ọ̀nù. Ẹ wá fi mọ́tọ̀ oníná mẹ́fà sí abẹ́ ẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan nídìí ọ̀pá táyà kọ̀ọ̀kan. Ó tán. Orí rélùwéè dísẹ̀lì nìyẹn. Ẹ́ńjìnì yẹn ò fọwọ́ ara ẹ̀ yí táyà rárá, iná ló ń ṣe. Iná yẹn ló ń lọ bá àwọn mọ́tọ̀ nísàlẹ̀, àwọn mọ́tọ̀ ló ń yí táyà. Jẹnẹrétọ̀ tó ń rìn ni. Ọjọ́ tí mo sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn bàbá tó wà ní sẹ́ẹ̀dì wa, wọ́n rẹ́rìn-ín títí tí ọ̀kan fi da tíì sára.

Irú tiwa ni wọ́n ń pè ní Class 37. Ilé-iṣẹ́ English Electric ló ṣe wọ́n, 309 ni gbogbo wọn, láàárín 1960 sí 1965. Sílíńdà 12, agbára ẹṣin 1,750. Àwọn tó fẹ́ràn ẹ̀ ń pè é ní "Tractor" nítorí bó ṣe ń kùn. Ohun tó sì wù mí nínú ẹ̀ ni pé díẹ̀ nínú wọn ṣì ń jáde ṣiṣẹ́ gidi lórí ojú irin ilẹ̀ Britain títí wọ àwọn ọdún 2020 yìí. Ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe nígbà tí Nàìjíríà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba òmìnira! Fóònù mi tí mi ò tíì lò fún ọdún mẹ́ta ti ń kú ní agogo méjì ọ̀sán.

Tiwa ò sí lára àwọn tó ń ṣiṣẹ́ yẹn o. Tiwa jókòó síta fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó rà á, òjò ti jẹ ẹ́. Ojú irin tí a ń tún un ṣe fún (mi ò ní dárúkọ ibẹ̀ níbí, ẹ má bi mí ní DM) jẹ́ ojú irin tí ìjọba ti pa tì, tí àwọn aráàlú wá gbà, tí wọ́n ń fi ọkọ̀ àtijọ́ kó àwọn èèyàn rìn lọ, rìn bọ̀ fún ìgbafẹ́. Àwọn ìdílé á wá pẹ̀lú ọmọ, wọ́n á ra tíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n á jẹ kéèkì, wọ́n á ya fọ́tò. Irú ẹ̀ pọ̀ níbí bí ilé epo.

Èmi náà, torí fọ́tò ni mo ṣe kọ́kọ́ débẹ̀. Mo fẹ́ ṣe fídíò "ibi tó o lè lọ láìnáwó púpọ̀". Mo dúró sí pèpéle, mo ń bá fóònù mi sọ̀rọ̀ ní Yorùbá, ni bàbá òyìnbó kan tó wọ ofaróòlù tó dúdú bí ìkòkò bá béèrè irú èdè tí mò ń sọ. Mo ní Yorùbá ni. Mo wá fi kún un pé bàbá bàbá mi ṣiṣẹ́ ní rélùwéè, ní Ebúté Mẹ́ta, pé fítà ni wọ́n. Bàbá òyìnbó yẹn ò béèrè ibi tí Ebúté Mẹ́ta wà. Ohun tó béèrè ni, "Ẹ́ńjìnì wo ni wọ́n ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀?"

Ẹ wò ó, mo ti gbé ní ìlú yìí fún ọdún méjì, kò sẹ́ni tó bi mí ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí. "Where are you really from" ni mo ti mọ́ lára. Mo pe Bàbá lórí WhatsApp níbẹ̀, lójú ẹsẹ̀. Ọjọ́ náà, Ọlọ́run ṣe é, nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà ní Abẹ́òkúta.

Bàbá ní, "Sọ fún un pé a bá orúkọ English Electric lára ẹ̀rọ nígbà tí mo ṣì jẹ́ apirẹ́ńtìsì."

Bàbá òyìnbó gbọ́ "English Electric" kí n tó túmọ̀ ẹ̀. Ló bá gba fóònù lọ́wọ́ mi. Fún bí ogún ìṣẹ́jú, àwọn àgbà méjì tí wọn ò rí ara wọn rí ń sọ̀rọ̀ nípa bí epo ṣe ń jò níbi ìjẹ́kítọ̀, èmi kàn dúró síbẹ̀ bí ẹni tó ń ṣọ́ ẹrù. Òyìnbó Bàbá jẹ́ òyìnbó rélùwéè, òyìnbó onísípánà, kò ní gírámà púpọ̀. Ó sì tó wọn. Nígbà tó dá fóònù padà, ó ní, "Sátidé ni a máa ń wà níbí. Wá."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀, torí ọ̀rọ̀ yìí ní ìtàn tí ẹ máa gbádùn. Ṣé ẹ mọ̀ pé àwọn tó fẹ́ràn rélùwéè àtijọ́ níbí, nígbà kan rí, wọ́n kórìíra dísẹ̀lì? Gan-an o. Èyí tó ń fi èédú àti ooru omi rìn ni wọ́n fẹ́ràn, èyí tó ń tú èéfín funfun bíi ti inú fíìmù. Ọdún 1968 ni British Rail fi òpin sí i lórí ojú irin ńlá, dísẹ̀lì àti iná ló sì gba ipò ẹ̀. Nítorí náà, lójú wọn, dísẹ̀lì ni apànìyàn. Àpótí lásán ni, kò lẹ́wà, kò ní ẹ̀mí. Ta ló máa gba apànìyàn là?

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí. Ní Wales ni àwọn aráàlú ti kọ́kọ́ gba ojú irin kan tí wọ́n sì ń fi ọ̀fẹ́ darí ẹ̀, Talyllyn, ní 1951. Èyí jẹ́ ojú irin tóóró. Lórí ojú irin oníwọ̀n gbogboogbò, èyí tó fẹ̀ ní 1,435 mm, Middleton Railway ní Leeds ló kọ́kọ́ di ti àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni, ní oṣù kẹfà 1960. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì Leeds ló wà nídìí ẹ̀. Ọmọ yunifásítì! Irú àwa yìí! Orí rélùwéè tí wọ́n fi fa èrò lọ́sẹ̀ tí wọ́n ṣí i yẹn, dísẹ̀lì ni. Nítorí náà nígbà tí ẹnikẹ́ni bá ń yínmú sí dísẹ̀lì níwájú mi báyìí, mo ní ọ̀rọ̀ tí mo máa sọ.

Èyí tó yí ọkàn àwọn èèyàn padà jù lọ, lójú tèmi, ni Deltic. Mo lọ wò ó ní Barrow Hill, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Chesterfield. Ilé róbótó kan ni Barrow Hill, wọ́n kọ́ ọ ní 1870, àwo irin ńlá kan wà láàárín ẹ̀ tí wọ́n fi ń yí orí rélùwéè padà bí ẹni ń yí àwo ọbẹ̀ kọjú sí àlejò. Ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú Deltic fi ṣe ibùdó.

Deltic 22 péré ni wọ́n ṣe fún iṣẹ́, 1961 sí 1962. Àwọn ló ń sáré láti King's Cross ní London lọ sí Edinburgh, 100 máìlì ní wákàtí kan. Ẹ́ńjìnì Napier méjì ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe irú ẹ́ńjìnì yẹn fún ọkọ̀ ojú omi àwọn ológun. Sílíńdà 18 ni ẹ́ńjìnì kọ̀ọ̀kan ní, ṣùgbọ́n píísítìn 36. Báwo? Nínú sílíńdà kan ṣoṣo, píísítìn méjì ló kọjú síra wọn, wọ́n ń sáré pàdé bí àgbò méjì tó fẹ́ kàn. Epo á bú gbàmù láàárín wọn, kálukú á fà sẹ́yìn. Wọ́n wá to àwọn sílíńdà yẹn ní igun mẹ́ta, bí àdògán, ọ̀pá tó ń yí wà ní igun kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ronú kan ẹ̀rọ yẹn, mi ò mọ ohun tó jẹ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ohùn ẹ̀ ńkọ́? Kì í ṣe ohùn ẹ́ńjìnì. Àfi bí ìgbà tí èèyàn mẹ́wàá ń fọn kàkàkí nínú kànga. Àyà mi ló fi gbọ́ ọ, kì í ṣe etí.

Ọjọ́ kejì oṣù kìíní 1982 ni wọ́n sáré ìkẹyìn fún British Rail. Nínú 22, mẹ́fà ló ṣẹ́ kù. Mẹ́ta nínú mẹ́fà yẹn wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ kan náà. Kò sí ilé-iṣẹ́ tó tún ń ṣe ẹ́ńjìnì náà mọ́. Bí nǹkan bá bàjẹ́ nínú ẹ̀, o ò lè lọ sí Ládípọ̀ lọ bèèrè tọ́kúnbọ̀. Àfi kó o mọ ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe.

Ẹ fi gbólóhùn yẹn sọ́kàn, mò ń bọ̀ wá síbẹ̀.

Iṣẹ́ ti sẹ́ẹ̀dì tiwa ò ní ògo tó bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé, bàtà onírin, ìbọ̀wọ́, gíláàsì ojú, nǹkan tí wọ́n fi ń dí etí. Kò sí àṣíborí tó gba braid mi, a fi okùn so ó. Wọ́n fún mi ní ẹ̀rọ kan tó ní abẹ́rẹ́ irin púpọ̀ lẹ́nu, afẹ́fẹ́ ló ń ta àwọn abẹ́rẹ́ náà, tàtàtàtà, wọ́n á máa gún ìpáàrà títí á fi já bọ́. Lẹ́yìn wákàtí kan, ọwọ́ mi ń gbọ̀n nígbà tí mo mú ife tíì. Àwọn àgbà ní Ògún ló ni irin. Ní sẹ́ẹ̀dì yìí, tíì ni wọ́n fi ń bọ ọ́, lẹ́ẹ̀mẹrin lójúmọ́, pẹ̀lú bísíkíìtì.

Ìkíni wọn wá lọ báyìí: "Ay up, me duck." Pẹ́pẹ́yẹ! Mo wẹ̀yìn wò lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Àṣà Derbyshire ni, ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni. Ní báyìí, bí ẹnì kan ò bá pè mí ní pẹ́pẹ́yẹ ní Sátidé, mo máa ń rò pé inú ń bí i.

Bí mo ṣe ń ha ara ẹ̀ lọ, mò ń rí ọjọ́ orí ẹ̀. Ọ̀dà eérú lókè, búlúù lábẹ́ ẹ̀, àwọ̀ ewé lábẹ́ búlúù. Àwọ̀ ewé yẹn ni ti 1960 sí ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀. Níbi imú ẹ̀ àti lábẹ́ fèrèsé awakọ̀, omi ti dúró síbẹ̀ títí irin fi di bébà. Wọn kì í fi ọ̀dà bo irú ibẹ̀ yẹn. Wọ́n máa gé gbogbo ẹ̀ dànù títí wọ́n á fi dé irin tó ṣì dáa, wọ́n á wá wẹ́ẹ̀dì irin tuntun sí i. Ẹni tó bá fi ọ̀dà bo ìpáàrà, ọdún méjì ló fi tan ara ẹ̀ jẹ. Wáyà inú ẹ̀ náà, rọ́bà ara wọn ti gbẹ. O bá tẹ òmíràn báyìí, á fọ́ bí ìpékeré tẹ́ ẹ ń jẹ yẹn.

Ní oṣù kejì ọdún yìí, ọ̀kan nínú àwọn bàbá náà kú. Ọmọ ọdún 79. Rìwáyà ni wọ́n, iṣẹ́ yẹn ni wọ́n ṣe jẹun kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Àwọn ni wọ́n kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi mítà wá ibi tí iná ti já. Wọ́n máa ń sọ pé, "Má gba wáyà gbọ́. Bi í." Mo lọ síbi ìsìnkú wọn, èmi nìkan ni mo wọ aṣọ aláràbarà, kò sì sẹ́ni tó bínú.

Oṣù kẹrin, a sítáàtì ẹ́ńjìnì. Ó gbà! Èéfín dúdú bo gbogbo sẹ́ẹ̀dì, àwọn àgbàlagbà ń fò bí ọmọdé. Ẹ́ńjìnì ń kùn, gbogbo nǹkan dáa. Awakọ̀ fa ọwọ́ agbára. Orí rélùwéè ò mira. Iná ò dé ọ̀dọ̀ àwọn mọ́tọ̀.

Sátidé mẹ́fà la fi wá ìdí ẹ̀. A tú bébà àwòrán wáyà ẹ̀ sílẹ̀ lórí tábìlì, gígùn ẹ̀ ju aṣọ òkè lọ. Ṣùgbọ́n bébà yẹn ò bá ohun tó wà nínú ẹ̀rọ mu mọ́, torí wọ́n ti tún un ṣe léraléra láàárín ọdún tó ju 50 lọ. Bàbá tó kú yẹn ló mọ gbogbo àyípadà náà. Orí wọn ló wà. Bí wọ́n bá wà láàyè, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n máa fi sọ ọ́ láàárín ife tíì méjì. A wá rí i níkẹyìn. Wáyà kan ló yà kọjá lẹ́yìn súwíìṣì kan tó jẹ́ ti bọ́ílà àtijọ́, bọ́ílà tí wọ́n ti yọ kúrò kí wọ́n tó bí mi. Téèpù funfun kékeré kan wà lára ẹ̀, lẹ́tà mẹ́ta ni wọ́n fọwọ́ kọ sí i. Kò sẹ́ni tó mọ ìtumọ̀ lẹ́tà mẹ́ta yẹn títí di òní.

Ọkùnrin tó rí i, òun fúnra ẹ̀ 74, jókòó sílẹ̀ lórí àpótí irinṣẹ́. Ó ní, "We should have asked him." Kò sí ohun mìíràn tó sọ lọ́jọ́ náà.

Èmi, ọkàn mi ti fò lọ sí Lafẹ́nwá.

Bàbá mi àgbà ti di ẹni ọdún 82. Ilé wọn ò jìnnà sí ojú irin, èmi náà gbọ́ fèrè rélùwéè níbẹ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Bàbá wọṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí apirẹ́ńtìsì lẹ́yìn òmìnira, "Lókò" ni wọ́n ń pe ibi tí wọ́n ti ń tún orí rélùwéè ṣe ní Ebúté Mẹ́ta. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ló rí ìgbà tí èyí tó ń fi èédú rìn kógbá sílé tí dísẹ̀lì wọlé. Ẹ̀rọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti Amẹ́ríkà, ti Kánádà, ti Jámánì, gbogbo ẹ̀ ló kọjá lábẹ́ ọwọ́ wọn. Ojú ń dùn wọ́n báyìí, ojú ọ̀tún ti fẹ́ẹ̀ lọ tán. Ní Kérésì tó kọjá, wọ́n pe orúkọ àǹtí mi mọ́ mi lẹ́ẹ̀mẹta, wọn ò tún un ṣe.

Nínú ẹbí wa, ọ̀rọ̀ rélùwéè Bàbá ni a fi ń ṣe yẹ̀yẹ́. Tí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Nígbà tí mo wà ní Lókò", àwọn ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà àtidìde. Tẹlifíṣọ̀n á lọ sókè.

Láti Sátidé téèpù funfun yẹn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí wọn ní ohùn, lójoojúmọ́. Ọmọ àǹtí mi tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn ló ń bá wọn tẹ fóònù. Mi ò béèrè "ẹ sọ ìtàn ayé yín". Irú ìbéèrè yẹn, àwọn àgbà á kàn gbàdúrà fún ẹ. Mo ń béèrè bí bàbá òyìnbó yẹn ṣe béèrè lọ́jọ́ àkọ́kọ́: ẹ́ńjìnì wo? Ibo ló ti ń jò? Kí lẹ fi dí i?

Ẹ gbà mí o. Ó tú jáde bí omi ẹ̀rọ.

Èkíní tí wọ́n fi dá mi lóhùn rèé, mo kọ ọ́ sílẹ̀: "Àbẹ̀kẹ́, kí ẹ tó sítáàtì ẹ̀rọ tó ti sùn pẹ́, ṣé ẹ fọwọ́ yí i ná? Ṣé ẹ ṣí àwọn kọ́ọ̀kì orí sílíńdà, kí ẹ wò ó bóyá omi máa jáde? Torí omi ò ṣeé fún. Bí omi bá wà lórí píísítìn, tí ẹ wá fi bátìrì yí i, ọ̀pá irin inú ẹ̀ á tẹ̀ bí ìgbálẹ̀."

Ohun tí wọ́n ṣe ní sẹ́ẹ̀dì wa gan-an nìyẹn ní oṣù kẹrin. Ìlànà kan náà. Mo lo ohùn Bàbá fún wọn ní tíì àárọ̀, mo ń túmọ̀ ẹ̀, bàbá tó ń ṣe ẹ́ńjìnì ń mi orí bí ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní, "He's right. Ask him about the governor." Àwọn ìbéèrè tiwọn ni mò ń gbé lọ báyìí, ìdáhùn Bàbá ni mò ń gbé bọ̀. Mo ti di pósítà.

Bàbá ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń fi sikirudúráfà gígùn kan etí wọn, tí wọ́n á fi ẹnu ẹ̀ kan ara ẹ́ńjìnì, láti mọ sílíńdà tó ń ṣàìsàn. Ó ṣàlàyé bí fọ́míìnì wọn ṣe máa ń mú kí apirẹ́ńtìsì tọ́ epo ẹ́ńjìnì láàárín ìka méjì, kó sọ bóyá omi ti wọ inú ẹ̀ kó tó wo ohunkóhun. Ó sọ orúkọ àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ tó mọ ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan: ẹni tó mọ bíréèkì, ẹni tó mọ mọ́tọ̀, ẹni tó lè fi etí nìkan mọ̀ pé tọ́bò ti fẹ́ lọ. Mo bi wọ́n pé mélòó nínú wọn ló ṣì wà láàyè. Bàbá ní, "Méjì. Èkejì ò gbọ́ràn mọ́."

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti ń tẹ̀ ẹ́ ní kọ́mẹ́ńtì: "Ṣé ìjọba wa máa ṣe irú èyí?" Ẹ dúró ná. Lóòótọ́, a ní nǹkan. Jaekel House wà ní Ebúté Mẹ́ta, nínú ọgbà rélùwéè, ilé pákó tí wọ́n kọ́ ní 1898, àwọn ẹgbẹ́ Legacy ló tún un ṣe tí wọ́n sọ ọ́ di ibi ìṣẹ̀ǹbáyé kékeré. Ẹ lọ wò ó, ó dáa, àwọn fọ́tò ibẹ̀ pọ̀. Fọ́tò ò lè sítáàtì ẹ́ńjìnì ni tèmi. Ojú irin àtijọ́ wa, èyí tí wọ́n ṣí dé Ìbàdàn ní 1901, fẹ̀ ní 1,067 mm. Tuntun tí wọ́n ṣí ní 2021, 1,435 mm ni. Nítorí náà àwọn orí rélùwéè ìgbà Bàbá ò lè gun tuntun láéláé. Àtijọ́ yẹn nìkan ni wọ́n bá mu, tàbí kí oníkóńdẹ̀mù wá fi iná gé wọn.

Bí mo bá ní agbára, ẹyọ kan ṣoṣo ni mo máa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú. Orí rélùwéè kan, kọ́ọ̀ṣì méjì, ojú irin àtijọ́, Èkó sí Abẹ́òkúta ní Sátidé, kí èèyàn sọ̀ kalẹ̀ ní Lafẹ́nwá, kó lọ gun Olúmọ, kó jẹ ọ̀fadà, kó wọ ọkọ̀ padà. Ẹ sọ fún mi pé ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń san owó rẹpẹtẹ láti ya fọ́tò nídìí omi ẹlòmíràn ò ní ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n owó kọ́ ló ń dẹ́rù bà mí nínú ọ̀rọ̀ náà. Owó lè dé lọ́dún mẹ́wàá sí i. Àwọn tó mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ́tí sí sílíńdà ò ní dúró dè é.

Nílé, a ní àwọn àgbà tó mọ̀ ọ́n ṣe, kò sẹ́ni tó ń béèrè lọ́wọ́ wọn. Níbí, wọ́n ń béèrè, síbẹ̀ wọ́n tún pàdánù lẹ́tà mẹ́ta.

Ohùn Bàbá tó wà lọ́wọ́ mi báyìí jẹ́ 61. Mo ń kọ wọ́n sílẹ̀ ní Yorùbá, bí Bàbá ṣe sọ wọ́n, mi ò tún ọ̀rọ̀ fítà wọn ṣe. Àwọn kan gùn ní ìṣẹ́jú méje, àwọn kan jẹ́ ìkọ́ lásán, àti "O ń gbọ́ mi?" Bí ẹ bá ní bàbá, màmá, tàbí aládùúgbò tó ṣiṣẹ́ ní Lókò, ní Òṣogbo, ní Ọ̀ffà, níbikíbi tí rélùwéè dé, ẹ kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ níbí. Mo máa fi àwọn ìbéèrè tí mo ń lò ránṣẹ́ sí yín. Ẹ máa bèèrè ẹ́ńjìnì, ẹ má bèèrè ìtàn.

Màmá mi? Wọ́n pè mí ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n ní Bàbá ti ń jí ní agogo márùn-ún àárọ̀, wọ́n ti ń fá irùngbọ̀n, wọ́n ní àwọn ní "miitínì pẹ̀lú àwọn fítà ìlú òyìnbó". Wọn ò sọ ohunkóhun nípa èsúsú. Wọ́n kàn béèrè bóyá ìbọ̀wọ́ tí wọ́n fún mi níbẹ̀ nípọn tó.

Ìránṣẹ́ tó wọlé lánàá ni mo ń gbọ́ lọ́wọ́ báyìí nínú bọ́ọ̀sì. Bàbá ní fídíò tí mò ń fi ránṣẹ́ ò wúlò fún òun, àwòrán ń ṣú òun lójú, ó sì ń dí òun lọ́wọ́ láti gbọ́. Kí n gba ohùn nìkan. Kí n gbé fóònù sún mọ́ sílíńdà kọ̀ọ̀kan fún ìṣẹ́jú kan, kí n pe nọ́mbà ẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀, láti oókan dé 12, kí ẹ́ńjìnì ti gbóná dáadáa. Mo ti sọ fún wọn ní sẹ́ẹ̀dì. Wọ́n ní kí n dé ní agogo mẹ́jọ.